Obìnrin Tí Kò Sọ "Mo Fẹ́" Rí

Bí ẹ bá pàdé Esmat Khanom, ìyẹn Ìyáàfin Esmat, lẹ́nu ọ̀nà ilé àwòrán àdúgbò Fahadan, níbí ní ìlú Yazd, ẹ má rò pé ẹ máa tètè wọlé. Ó máa ní kẹ́ ẹ máa ṣíwájú. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́, ẹ máa ní kí òun ṣíwájú. Á fọwọ́ lé àyà, á tẹrí ba, á ní, "Kí n tó ṣíwájú yín, kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì." Ẹ̀yin náà máa ní kí ilẹ̀ fi í sílẹ̀, kó gbé ẹ̀yin mì. Ibẹ̀ lẹ máa wà títí tíì á fi tutù, tí irùngbọ̀n ẹni tó wà lẹ́yìn yín á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀.

Wọ́n ní olè kan wọ ilé rẹ̀ rí. Esmat Khanom bá a láàárín yàrá, ó ní àbùkù ńlá ni kó ti ilé òun lọ láìjẹun. Olè ní rárá, òun ò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Obìnrin náà ní kò sí ìyọlẹ́nu ńbẹ̀. Olè kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ìrẹsì wọ̀ ọ́ lára débi pé ojú tì í láti jí nǹkankan. Ó fọ abọ́, ó ki bàtà bọ ẹsẹ̀, ó sì ṣàdúrà fún àwọn ọmọ ilé kó tó jáde.

Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí gbogbo wa ṣe rí nìyẹn, tirẹ̀ kàn fi díẹ̀ yọ sókè ni. Ní ìlú wa, ẹ̀ẹ̀mẹta là ń fi nǹkan lọ èèyàn. Lẹ́ẹ̀kíní, o kọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé o nílé, o níyàá. Lẹ́ẹ̀kejì, o tún kọ̀, kí wọ́n má bàa sọ pé ebi ń pa yín nílé. Lẹ́ẹ̀kẹta, o mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fipá mú, o wá na ọwọ́ gbà á. Ẹni tó bá gbà lẹ́ẹ̀kíní, ọ̀bùn ni. Ẹni tó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń wá ìjà.

Iṣẹ́ Esmat Khanom ni láti gba owó ìwọlé, láti nu eruku, láti se tíì, àti láti bá àwọn ọmọ iléèwé jà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fọwọ́ tọ imú àwọn èèyàn inú àwòrán. Àmọ́ ohun tó ń gbé e dé ibiṣẹ́ láràárọ̀, ara ògiri yàrá kẹta ló wà. Àwòrán ìyá rẹ̀ ni. Ayàwòrán kan tó jẹ́ aládùúgbò wọn ló yà á nígbà tí Esmat ṣì wà lọ́mọ ọwọ́: obìnrin kan jókòó sídìí òfì, ó ń hun aṣọ tẹ́rmè, ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ẹni tó ń yà á bí ẹni pé ó fẹ́ bi í bóyá kò níṣẹ́ mìíràn. Ìyá yìí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya fọ́tò òun rí títí tó fi kú. Nítorí náà, ojú ìyá kò sí níbòmíràn láyé yìí, àfi lára ògiri yẹn. Esmat Khanom á dé, á bọ́ bàtà, á ní, "Ìyá mi, ẹ kú àárọ̀, ẹ jí ire bí?" Á wá sọ ohun tí wọ́n sè lálẹ́ àná fún un.

Ooru ló wá fẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ooru tiwa kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ lé. Bó bá di oṣù Tir, tí ẹ̀ẹ̀rùn wọlé, ẹyẹ a máa fi ìyẹ́ kan fò, a fi ìkejì ṣe agboòrùn. Adìyẹ a máa yé ẹyin sísè. Àwọn baba wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n fi amọ̀ mọ ògiri tó nípọn bí ọrùn ràkúnmí, wọ́n gbẹ́ àjà ilẹ̀ sísàlẹ̀ ilé, wọ́n sì kọ́ gogoro sórí òrùlé láti máa mú afẹ́fẹ́ lófuurufú wá sínú ilé bí ìgbà téèyàn fa ewúrẹ́ wọlé. Oníṣòwò kan ló kọ́ ilé tó di ilé àwòrán yìí, gogoro afẹ́fẹ́ tirẹ̀ sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọsánmà fi ń yà fún un. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀làjú dé. Wọ́n ní àwọn ẹyẹlé ń yàgbẹ́ sínú gogoro, wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí i. Wọ́n ní amọ̀ ń ti àwọn lójú, wọ́n rẹ́ sìmẹ́ńtì bo ògiri. Agha Heshmat, ọ̀gá ilé àwòrán, ọkùnrin oníkùn tó ń rìn bí ẹni tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ àwo sórí, ìyẹn rí òrùlé gíláàsì nínú ìwé ìròyìn kan, ó ní òun náà fẹ́. Wọ́n bo àgbàlá pẹ̀lú gíláàsì. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá gba àgbàlá yẹn kọjá lọ́sàn-án, bó bá gbé ìyẹ̀fun lọ́wọ́, búrẹ́dì ló máa gbé dé òdìkejì.

Ilé tí wọ́n kọ́ kó máa bá ooru ṣeré, a sọ ọ́ di ààrò. A wá ra ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́ta láti máa bá ààrò jà. Àwọn ẹ̀rọ náà ń jẹ iná mànàmáná bí ẹṣú ṣe ń jẹ oko, wọ́n sì ń hó bí ìyàwó mẹ́ta nínú ilé kan. Ọ̀sán gan-an tí oòrùn bá wà ní góńgó, iná á lọ. Inú yàrá tó tutù bí ojú òkú á di ìléru láàárín àdúrà kan àti ìkejì. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é: tutù, gbóná, tutù, gbóná, títí ọ̀dà ara àwòrán fi bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ìlà tínńrín kan yọ lórí àwòrán ìyá Esmat Khanom, láti ìsàlẹ̀ òfì. Nígbà tó fi máa di ọdún tó kọjá, ó ti dé èjìká, ó ń wo ọrùn.

Ní oṣù Ordibehesht, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé, Agha Sotudeh wá láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó àwọn ilé àwòrán. Tínńrín ni, ó le, kì í rẹ́rìn-ín. Ó wo àwọn àwòrán, ó fi aṣọ ìnujú nu ọrùn rẹ̀, ó ní, "Ní ìparí oṣù Mordad, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú jù, mo máa gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá. Bí ooru ibí bá ṣì rí báyìí, gbogbo wọn á lọ sí Tehran, a ó sì ti ilé yìí pa."

Esmat Khanom tẹrí ba. "Àṣẹ yín ni, Agha. Àwòrán yín ni. Ilé náà, tiyín ni." Ẹnu ló sọ bẹ́ẹ̀ o. Inú ń sunkún.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Ẹnjiníà Kamyar yọ sí wa. Ọmọ-ọmọ Bibi Shokat tó ń gbé lójú ọ̀nà kejì ni. Wọ́n ti gbé e lọ sí Sweden nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ibẹ̀ ló ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí ilé ṣe lè tutù láìjẹ iná. Àgbà ọkùnrin ni báyìí, irun ti ń kúrò níwájú orí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún mẹ́fà ló ṣe ń sọ èdè wa, nítorí ibi tó kọ́ ọ dé nìyẹn kí ọkọ̀ òfuurufú tó gbé e. Ó ní òun fẹ́ wo ilé àwòrán. Láàárọ̀ títí dọ̀sán, ó ń fọwọ́ gbá ògiri, ó ń fimú gbóòórùn ihò, ó gun òrùlé, ó rá wọ inú gogoro láti ibi kan tí sìmẹ́ńtì ti fọ́. Nígbà tó jáde, ẹyẹlé nìkan ló kù kó dà.

Esmat Khanom gbé omi fún un, ó dúró tì í pẹ̀lú Agha Heshmat.

"Ilé yìí ò ṣàìsàn," Kamyar wí. "Ẹ dí i nímú ni. Ilé ò lè mí. Ẹ dé e lórí bí ìkòkò. Ó ń sè."

"Ó ń sè," Agha Heshmat ní, ó ń wo òrùlé gíláàsì rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́.

"Mo lè tún un ṣe. Màá ṣí imú rẹ̀. Màá fi àwọ̀n tó kéré sí i, kí eruku má wọlé, kí ẹyẹlé má wọlé. Afẹ́fẹ́ á sọ̀ kalẹ̀, á gba abẹ́ ilẹ̀ níbi tí omi ń ṣàn nínú ihò àtijọ́, á tutù, á gba ẹ̀yìn ògiri gòkè. Kò ní fẹ́ sára àwòrán, nítorí omi ò dáa fún àwòrán. Ògiri ló máa tutù. Màá ha sìmẹ́ńtì kúrò, màá fi amọ̀ àti koríko àlìkámà rẹ́ ẹ." Ó mí. "Màmá àgbà mi ní, nígbà àtijọ́, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, gbogbo ilé á kó bẹ́ẹ̀dì, kó ìkòkò, kó ọmọ, wọ́n á lọ máa gbé ní àjà ilẹ̀. Bó bá di òtútù, wọ́n á kó padà sókè síbi tí oòrùn ń wọlé. Kí ló dé tí àwòrán ò lè kó lọ bẹ́ẹ̀? A máa gbé wọn sọ̀ kalẹ̀, a máa gbé wọn gòkè."

Esmat Khanom rí i lójú inú rẹ̀: ìyá rẹ̀ nínú àjà ilẹ̀ tútù, bí ó ti máa ń sùn níbẹ̀ láyé ọjọ́un. Ọkàn rẹ̀ fò sókè.

"Mo ní àyè ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yìí," Kamyar wí. "Mi ò ní gba nǹkankan. Ṣé kí n ṣe é?"

Ẹ̀ẹ̀kíní nìyẹn. Gbogbo ọmọ ìlú wa ló mọ ohun tó kàn.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Agha Heshmat gbá àyà. "Àwa ta ni, tí ọ̀mọ̀wé bíi tiyín á fi máa da ara rẹ̀ láàmú nítorí wa?"

"Láéláé!" Esmat Khanom náà gbè é. "Ẹ lọ jókòó ti màmá yín àgbà, kí wọ́n rí yín wò. Ẹsẹ̀ yín lórí ojú wa, Ẹnjiníà, ṣùgbọ́n a ò jẹ́."

"Mi ò fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé ojú ẹnikẹ́ni," Kamyar wí, ẹ̀rù bà á díẹ̀. "Ó dá yín lójú? Mo lè ṣe é o."

Ẹ̀ẹ̀kejì. Inú Esmat Khanom dùn, iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ kó lọ. "Ó dá wa lójú gbangba!" ló sọ. "Ká kú ló yá ju ká yọ yín lẹ́nu."

Kamyar wò ó, ó wo ọ̀gá, ojú rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. "Ó ti yé mi," ó ní. "Ẹ ṣeun." Ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó jáde.

Àwọn méjèèjì dúró kí ó padà wá fi lọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Esmat Khanom tún gbé tíì kaná. Agha Heshmat tún ọrùn ẹ̀wù ṣe, ó sì dán mímí kanlẹ̀ tó máa fi gbà á wò lẹ́ẹ̀mejì kó má bàa ṣe é jù. Oòrùn yí. Tíì hó, ó gbẹ, wọ́n gbé òmíràn.

"Ó lọ sinmi ni," Agha Heshmat ní. "Ó fẹ́ kí ẹ̀ẹ̀kẹta lágbára."

Nígbà tí Esmat Khanom délé nírọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀, Agha Rajab, wà lẹ́yìn ilé tó ń fa ṣúgà láti fi ṣe pashmak, dídùn tó funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí irun arúgbó. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin náà sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ọkùnrin náà fi ṣúgà sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn lé ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń lu ilẹ̀.

"Esmat jan, ọ̀wọ́n mi! Sweden lọmọ yẹn dàgbà sí! Níbẹ̀, tó o bá ní 'rárá' lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á gbé abọ́ kúrò níwájú ẹ, wọ́n á tún fọ̀ ọ́!"

"Irọ́ ni. Kò sí ibi tó burú tó bẹ́ẹ̀."

"Àní Bibi Shokat ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ra pashmak nísinsìnyí. Ó ní àárọ̀ ọ̀la lọmọ náà ń lọ sí Kerman, wọ́n ní kó wá tún ilé kan ṣe níbẹ̀. Ó ní àwọn ará ilé àwòrán lé e dànù lẹ́ẹ̀mejì."

Esmat Khanom jókòó sílẹ̀ láìmọ̀. "A lé e?"

"Ìwọ! Tó o bá dé ẹnu ọ̀nà àlùjánnà, wàá ní kí Sátánì máa ṣíwájú, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ìwọ nìkan ló máa kù síta." Nígbà tó rí ojú ìyàwó rẹ̀, ó gbé ẹ̀rín mì. "Lọ bá a láàárọ̀. Sọ fún un pé o fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni."

"Báwo lèèyàn ṣe ń sọ irú ìyẹn?"

"Mi ò mọ̀," Agha Rajab wí. "Èmi náà ò sọ ọ́ rí. Ìyá mi ló bá mi tọrọ ẹ."

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn Bibi Shokat. Ilẹ̀kùn àtijọ́ ni, ó ní nǹkan ìkànkùn méjì: irin wúwo tí ọkùnrin fi ń kàn án, àti òrùka fẹ́lẹ́ tí obìnrin fi ń kàn án, kí ẹni inú ilé lè mọ bóun ṣe máa múra. Ìkánjú mú Esmat Khanom gbá irin wúwo mọ́ ọn gbàà! Ó gbọ́ tí Bibi Shokat ń sáré kiri nínú ilé tó ń wá aṣọ ìbora, tí nǹkan ń já lulẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀kùn fi máa ṣí, arúgbó náà ti bora débi pé imú nìkan ló kù síta.

"Háà! Esmat, ìwọ ni? O fẹ́ pa mí ni? Mo rò pé àwọn ọlọ́pàá ni! Wọlé, wọlé."

Ètè Esmat Khanom ló sọ̀rọ̀, kì í ṣe òun. "Rárá o, Bibi. Mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu."

"Ẹnu wo? Wọlé mu tíì."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tán ni." Kò tíì fi omi kan ẹnu.

Kamyar gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú àpótí aṣọ. "Ẹ káàárọ̀," ó ní, ó gbé e lọ sínú ọkọ̀.

"Kùkúmbà ńkọ́? Ó tutù."

"Ọlọ́run má jẹ́ kí kùkúmbà tán nílé yín, Bibi, ṣùgbọ́n rárá."

Kamyar padà wọlé, ó tún gbé báàgì kan jáde. "Ẹ dákun o," ó ní.

"Kí ló wá gbé ọ wá láàárọ̀ kùtùkùtù yìí, tó ò ń gbá ilẹ̀kùn mi bí ọkọ mi tó ti kú?"

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu Esmat Khanom. Ó la ẹnu. Ohun tó sì jáde ni: "Kò sí nǹkankan. Mo ní kí n kàn kí yín ni."

Kamyar pa ẹ̀yìn ọkọ̀ dé. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́; lójú ẹsẹ̀, Esmat Khanom rí ìlà tínńrín yẹn tó ń gun èjìká ìyá rẹ̀, tó dé ọrùn, tó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó fi Bibi Shokat sílẹ̀ pẹ̀lú kùkúmbà lọ́wọ́. Ó sáré. Obìnrin tí kò sáré rí láti ọjọ́ tó ti lọ́kọ, ó lọ dúró níwájú ọkọ̀ gbagidi, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Mo fẹ́!" ó kígbe.

Wọ́n ní ológbò kan tó ń sùn lórí ògiri jí, ó wò ó, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí ìtìjú. Kùkúmbà bọ́ lọ́wọ́ Bibi Shokat.

Kamyar sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀. "Kí lẹ fẹ́?"

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ má lọ! Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣí imú ilé yẹn! Mo fẹ́ àjà ilẹ̀, mo fẹ́ amọ̀, mo fẹ́ gbogbo ẹ̀! Ìyá mi ló wà lára ògiri yẹn, ojú wọn ò sí níbòmíràn, ó sì ń là!"

"Ẹ ní rárá. Ẹ ní ẹ máa kú ná."

"Bá a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn! Ẹ̀ẹ̀mejì là ń sọ rárá! A dúró dè yín kẹ́ ẹ bi wá lẹ́ẹ̀kẹta, tíì gbẹ mọ́ wa nídìí iná!"

Kamyar yíjú sí màmá rẹ̀ àgbà. "Òótọ́ ni?"

"Ta ni ò mọ̀yẹn?" Bibi Shokat ní. "Àfi ìwọ."

Ó pa ọkọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó dáa. Mi ò lọ mọ́. Àmọ́ báwo ni mo ṣe máa mọ ìgbà tí ẹ bá ń sọ òótọ́?"

Esmat Khanom ronú. Ó fi ìka méjì di etí ara rẹ̀ mú. "Bí mo bá di etí mú, òótọ́ ni."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n fọ́ sìmẹ́ńtì lórí gogoro, ìgbẹ́ ẹyẹlé tó sọ̀ kalẹ̀ tó láti fi ṣe ajílẹ̀ gbogbo oko pọ̀mígíránétì tó wà láàárín wa àti òkè Shirkuh. Àwọn tó mọ amọ̀ rẹ́ dáadáa wá láti Taft, wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ amọ̀ àti koríko àlìkámà, wọ́n ń kọrin. Esmat Khanom náà fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n da omi òdòdó sínú amọ̀ kí ilé lè máa ta sánsán. Kamyar bẹ̀ ẹ́ kó lọ se tíì.

Ọ̀rọ̀ òrùlé gíláàsì ló kù. Kamyar ti sọ fún Agha Heshmat pé bí gíláàsì bá wà lókè, gbogbo iṣẹ́ á di asán. Kí wọ́n fi aṣọ tó nípọn ta bo àgbàlá bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n lè ká nírọ̀lẹ́. Agha Heshmat rẹ́rìn-ín ẹlẹ́kọ̀ọ́. "Ẹnjiníà mi, àgbàlá náà tiyín ni! Bó bá wù yín kẹ́ ẹ ṣí gíláàsì kúrò, ẹ ṣí i. Kí ni gíláàsì já mọ́?"

Ìgbà tó máa fi ti ibi àdúrà ọ̀sán dé, gíláàsì ti wà nílẹ̀.

Igbe tí Agha Heshmat ké, wọ́n gbọ́ ọ ní Kerman. "Òrùlé mi! Esmat Khanom, ẹ rí ohun tó ṣe fún mi!"

"Ẹ ní kó ṣí i ni, Agha."

"Ẹnu ni mo fi sọ ọ́!" Ó yíjú sí Kamyar. "Ṣé mo di etí mú?"

"Mo gbàgbé láti wò ó," Kamyar wí, ojú rẹ̀ mọ́ bí ojú ọmọ ìkókó. A ò tíì mọ̀ títí di òní bóyá òótọ́ ni.

Agha Heshmat jókòó sí àgbàlá, ó kọ̀ láti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nírọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ kan já wọ inú gogoro láti ẹ̀yìn ìlú, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba abẹ́ ilẹ̀, ó yọ sí àgbàlá tútù bí ọwọ́ ìyá níwájú orí ọmọ. Ọ̀gá gbé orí lé àyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Àwọn tó wá tilẹ̀kùn ní láti gbé e jáde pẹ̀lú àga.

Ọjọ́ tí wọ́n kó àwòrán lọ sí àjà ilẹ̀, gbogbo òpópónà ló wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Àṣìṣe ńlá nìyẹn. Èèyàn méjì méjì gbé àwòrán kọ̀ọ̀kan, wọ́n dé ẹnu àtẹ̀gùn, àwọn tiwájú yíjú padà: "Ẹ máa ṣíwájú." "Ká tó ṣíwájú yín, ká fọ́jú." "Àgbà lẹ jẹ́." "Àwòrán tiyín ló tóbi jù, òun ló yẹ kó ṣíwájú." Ọ̀wọ́ èèyàn náà ti dé ọ̀dọ̀ alápatà. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń jẹun ọ̀sán lórí ìdúró. Esmat Khanom wò wọ́n títí, ó di etí mú, ó kígbe bí ajagun: "Ẹni tó bá tún sọ 'ẹ máa ṣíwájú', òun ni mo máa gbé kọ́ ara ògiri!" Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ó gbé ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Agha Rajab mú apá kejì. "Ìyá, ẹ rọra o," ọkùnrin náà ní, "ọmọ yín ti ya aláìgbọràn."

Ìparí Mordad dé. Ọkọ̀ akẹ́rù dé. Agha Sotudeh bọ́ sílẹ̀, ọrùn rẹ̀ ń ṣàn bí omi ẹ̀rọ. Ó gba àgbàlá wọlé, ó dúró, ó gbójú sókè wo aṣọ tí wọ́n ta. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àjà ilẹ̀. Iná ti lọ ní gbogbo àdúgbò. Fìtílà kéékèèké tí àwo sólà, èyí tí Kamyar gbé sórí òrùlé láti máa fi oòrùn ṣe iná, ń bọ́ ló ń tàn. Kò sí ohun tó ń hó. Ó wo ẹ̀rọ tó ń wọn ooru, ó fi ìka gbá a bóyá ó ti kú. Ó jókòó. Ó mu tíì kan. Ó mu ìkejì. Ó tú bọ́tìnì ọrùn rẹ̀, ohun tí ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò rí rí.

"Ó tutù," ó wí níkẹyìn. "Mi ò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo nìyí. Bó bá yí padà lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́? Ọkọ̀ ti dé, àwọn tó máa gbé wọn ti dé." Ó na ọwọ́ sí àwòrán ìyá Esmat Khanom. "Ká bẹ̀rẹ̀ láti ibí. Ẹ bá mi gba èyí, Khanom."

Esmat Khanom sì tẹrí ba, ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Tiyín ni, Agha. Ohun tí ẹ bá fẹ́, ẹ máa gbé e lọ."

Ó ti bọ́! Kamyar di ògiri mú. Agha Heshmat di ojú. Àwọn alágbàṣe ti ń bọ̀ láti orí àtẹ̀gùn, wọ́n ń fi ọwọ́ ra ọwọ́.

Esmat Khanom gbọ́ ohun tí ẹnu òun sọ. Ó gbójú sókè, ìyá rẹ̀ ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó bó ti máa ń wò ó nígbà tó bá sọ ìranù. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè, ó di etí mú.

"Rárá," ó ní.

Agha Sotudeh yíjú. "Kí lẹ wí?"

"Mo ní rárá, Agha. Kì í ṣe rárá ẹlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ má gbé wọn lọ. Mi ò gbà. Ooru ti dínkù bí ẹ ṣe ní kó dínkù. Mo fẹ́ kí ìyá mi wà níbí."

Wọ́n gbọ́ tí omi ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀. Agha Sotudeh wò ó, ó wo àwòrán, ó tún wò ó. Ó rí imú kan náà.

"Láti ìgbà tí mo ti di ọ̀gá," ó rọra wí, "kò sẹ́ni tó wí fún mi pé rárá. Gbogbo wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sì ní ṣe é. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè yára tó báyìí." Ó gbé ife rẹ̀ síwájú. "Ó dáa. Ẹ fún mi ní tíì sí i."

"Ọkọ̀ ńkọ́?" Agha Heshmat béèrè. "Ṣé ó máa padà lófìfo?"

"Kí ó gbé ẹ̀rọ méjì lọ," Kamyar wí. "Ẹ̀kan á kù, fún ọjọ́ tí ìjì eruku bá jà tá a ní láti dí gogoro. Sólà á bọ́ ìyẹn."

Báyìí ni ọkọ̀ tó wá gbé àwòrán ṣe gbé ẹ̀rọ amúlétutù lọ. Agha Rajab ní wọ́n ṣì ń hó nínú ọkọ̀ títí wọ́n fi dé ojú ọ̀nà ńlá.

Ìlà ara àwòrán yẹn kò parẹ́ o. Ó ṣì wà lórí èjìká. Ṣùgbọ́n kò rìn mọ́. Nígbà tí ẹni tó máa ń tún àwòrán ṣe bá dé nígbà òtútù, tí wọ́n bá ti gbé ìyá gòkè padà síbi tí oòrùn ń wọlé, yóò tọ́jú rẹ̀. Láràárọ̀, Esmat Khanom á sọ̀ kalẹ̀, á bọ́ bàtà. "Ìyá mi, ẹ kú àárọ̀. Ṣé ẹ sùn dáadáa nínú ìtútù yìí?"

Ní ọjọ́ tí Kamyar fẹ́ máa lọ sí Kerman nígbẹ̀yìn, ó yà sí ilé wọn láti dágbére. Esmat Khanom gbé àwo pashmak funfun kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Kamyar ti lo gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn láàárín wa. Ó fọwọ́ lé àyà, ó tẹrí ba bí ọmọ bíbí ìlú.

"Rárá o, Esmat Khanom. Ẹ má da ara yín láàmú."

"Ó dáa," Esmat Khanom ní. Ó gbé àwo náà, ó gbé e fún Agha Rajab.

Agha Rajab ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kamyar fi ọwọ́ méjèèjì di etí méjèèjì mú.